Bí Àwọn Ará Agége àti Ìkẹjà Ti Ń Relé Ọdún

Ìtàn ni mo tún gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ọba nínú rẹ̀, kò sì sí ogun. Ìtàn ẹrù àti tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ìtàn òṣìṣẹ́ tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀ fún ní Agége tàbí ní Ìkẹjà, tó sì fẹ́ lọ fojú kan ìyá rẹ̀ nílé. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ dáhùn. Kí ló dé tí ìrìn àjò tó yẹ kó jẹ́ ìsinmi fi ń di ìyà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn? Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀? Kí sì ni a lè rí kọ́ lára àwọn tó rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa?

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Wọ́n tún ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe méjèèjì yìí ti wà lẹ́nu kí Kérésìmesì tó dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ kankan, àgbẹ̀ tó wà ní oko jíjìn a máa ti ilẹ̀kùn ahéré rẹ̀, a wálé wá ṣe ọdún Ògún, ọdún Egúngún tàbí ọdún Ìjẹṣu. Ará ilé a máa retí rẹ̀. Bí kò bá wá, wọn a ránṣẹ́ lọ wò ó, bóyá àìsàn ló dá a dúró. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ dé, Kérésìmesì kàn bọ́ sójú ọ̀nà tí àwọn baba wa ti là sílẹ̀ ni. Ìdí sì nìyẹn tí ìrìn àjò oṣù December kò fi jẹ́ ti onígbàgbọ́ nìkan lónìí. Mùsùlùmí Agége náà ń lọ, nítorí àsìkò náà ni ẹbí lè pàdé, tí ìgbéyàwó pọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sì ń ṣe ìpàdé ìlú.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìtàn Kérésìmesì fúnra rẹ̀, ìtàn ìrìn àjò ni. Ìjọba Róòmù pàṣẹ pé kí oníkálukú lọ forúkọ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé èrò kún, aboyún kò rí àyè sùn sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: gbogbo ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wa wà.

Ní ilẹ̀ tiwa, Kérésìmesì tí wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́, Àgbádárìgì ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1842. Òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ń jẹ́ Thomas Birch Freeman ti lọ sí Abẹ́òkúta nínú oṣù December náà. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sàró bọ̀ ló ránṣẹ́ pe àwọn òjíṣẹ́ ìjọ. Ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésìmesì ló padà dé Àgbádárìgì, ó sì bá Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ọdún náà. Lẹ́yìn ọdún, Townsend náà gbéra, ó sì wọ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January 1843. Ta ni àwọn ará Sàró wọ̀nyí? Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú ni, tí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sàró. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń padà wá wá ilé wọn kiri. Nígbà tí a bá ń ráhùn pé ọ̀nà ilé jìn, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn tó gba ojú òkun wálé, tí wọn kò sì mọ̀ bóyá ẹni kankan kù nílé tí yóò dá wọn mọ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láti etí ọ̀sà dé Ìbàdàn, orí ni a sì fi ń ru ẹrù. Ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni. Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin sínú ilẹ̀ wa láti ẹ̀gbẹ́ Èkó. Ojú irin náà kúrò ní Ìdó, ó kọjá ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, ní Mùṣin, ní Òṣòdì, ní Ìkẹjà àti ní Agége. Ó gba Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn ní òpin ọdún 1900. Ní oṣù March 1901 ni wọ́n ṣí i. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tó fi máa di ọdún 1912, ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ bá bi yín pé kí ni àǹfààní rélùwéè, ẹ óò dáhùn pé ó yára, ó sì ń ru ẹrù púpọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó tún ju ìyẹn lọ, òun ni agogo. Rélùwéè ló kọ́kọ́ sọ fún èrò ọ̀nà ní ilẹ̀ wa pé, “Ní agogo báyìí ni a ó gbéra, ní agogo báyìí ni a ó dé.” Wọ́n kọ àkókò sára ògiri. Wọ́n kọ iye owó sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí o bá lówó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, o kò ní bá ẹnikẹ́ni dunàádúrà, o kò sì ní jà. Ọkọ̀ lè pẹ́, ó sì máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ará ilé mọ ọjọ́ tí yóò wọlé, wọ́n á sì lọ dúró dè ọ́ ní ìdíkọ̀.

Ojú irin yìí ló sọ Agége di ìlú ńlá. Ní ìgbà tí rélùwéè ń kọjá lọ, àwọn oníṣòwò Èkó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko kòkó àti oko obì síbẹ̀. Ẹni tó lókìkí jù nínú wọn ni J. K. Coker, tó ní oko ńlá ní Ifákọ̀. Ní 1907 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀. Iṣẹ́ oko náà pọ̀ ju ohun tí àwọn ará ibẹ̀ lè ṣe lọ, nítorí náà wọ́n ń gba lébìrà láti inú ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì ń bá wọn ṣe àdéhùn ọdún kan. Bí ọdún bá pé, lébìrà a gba owó rẹ̀, a di ẹrù rẹ̀, ó di ilé.

Kí ni wọ́n ń dì sínú ẹrù náà? A lè ronú pé aṣọ ni, iyọ̀ ni, abọ́ ni. Àmọ́ ohun tó níye lórí jù lọ nínú ẹrù ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, kò sì wúwo: irúgbìn kòkó ni. Pẹ̀lú irúgbìn náà ni ìmọ̀ bí a ti ń gbìn ín, bí a ti ń ṣíji bò ó, bí a ti ń fọ́ ọ, bí a sì ti ń sá a. Ọ̀nà yìí wà lára ọ̀nà tí kòkó gbà tàn dé àárín ilẹ̀ Yorùbá. Láti inú owó kòkó yìí ni ọ̀pọ̀ ilé páànù ti wá, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti san owó ilé ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, láti inú rẹ̀ náà sì ni Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti rí lára owó tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955. Ẹ ò wá rí i pé àwọn tó lọ sílé láti Agége nígbà yẹn mú ẹ̀bùn tó pọ̀ délé. Apá ẹrù kan tó fúyẹ́ ló yí ayé ìlú padà.

Obì gbànja Agége náà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí òkè Ọya, àwọn Hausa tí ń ṣòwò rẹ̀ sì wá tẹ̀dó sí Agége. Búrẹ́dì pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ wa ní 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní 1921. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, ó sì fìdí múlẹ̀ ní Agége tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe búrẹ́dì náà ní búrẹ́dì Agége títí di òní. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn obìnrin a gbé igbá sórí, wọn a máa sáré lẹ́bàá fèrèsé, wọn a máa polówó búrẹ́dì, ẹ̀pà àti ọsàn. Lọ́dọ̀ ọmọ tó ń lọ kí ìyá àgbà, búrẹ́dì inú ọkọ̀ yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ní àwọn ọdún 1950 sí 1960 ni Ìkẹjà wá yí padà. Nígbà náà Ìkẹjà àti Agége wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Ìjọba náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó la títì sí i, ó fa iná àti omi dé ibẹ̀. Ibẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin, ó súnmọ́ èbúté àti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Guinness dé ní 1962, Cadbury dé Àgìdìngbí ní 1965, Dunlop náà ń ṣe táyà níbẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967, Ìkẹjà àti Agége bọ́ sí abẹ́ Èkó, ní 1976 sì ni Ìkẹjà di olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ìgbómìnà, Ìgbò, Ùròbò, gbogbo wọn wá síbẹ̀ wá ṣiṣẹ́. Wọ́n gba yàrá ní Ọ̀gbà, ní Agége, ní Ìyànà Ìpájà, ní Mùṣin.

Níhìn-ín ni wàhálà ti wọlé. Àgbẹ̀ ni ó ń yan ọjọ́ tí yóò wálé fúnra rẹ̀. Lébìrà oko kòkó ń lọ nígbà tí ọdún àdéhùn rẹ̀ bá pé. Ti ẹnì kan lè pé lónìí, ti ẹlòmíràn lè pé lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní fèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì kan náà, wọ́n sì ń san owó oṣù àti owó ọdún lọ́jọ́ tó súnmọ́ra. Òfin ìsinmi náà sì wà, èyí tí wọ́n ti ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1871 tó sọ ọjọ́ kejì Kérésìmesì di ọlidé, tí àṣà rẹ̀ sì bá ìjọba amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí fèrè bá ti dún ní Ìkẹjà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a já sí títì lẹ́ẹ̀kan náà, tàwọn tàpò lọ́wọ́, tọmọ tọmọ lẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ló tún ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún: gbogbo ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ilé èrò kún.

Rélùwéè nìkan kò lè kó gbogbo wọn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi pákó kàn ti wà lójú títì tipẹ́, àwọn tí à ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Orúkọ náà ti tó ìtàn fúnra rẹ̀: ìjà wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú títì ń dé abúlé tí ojú irin kò dé, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní agogo. Ó ń gbéra nígbà tí ó bá kún ni. Iye owó rẹ̀ kò sí lórí ìwé. Bí èrò bá ṣe pọ̀ sí i ni owó ṣe ń ga sí i. Ní gáréèjì ní ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésìmesì, ẹ óò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n, Iléṣà dà? Ènìyàn kan ló kù!”

“Èló ni?”

“Ẹ ṣáà wọlé ná, Màmá ń dúró dè yín nílé.”

Onígáréèjì náà mọ ibi tí ọkàn èrò wà. Ó mọ̀ pé ẹni tí ìyá rẹ̀ ń dúró dè kò ní lè takú lórí owó. Èrò a wọlé, a sì rí i pé ènìyàn mẹ́ta ló kù, kì í ṣe ẹnì kan.

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní 2 April 1972 ni a kúrò ní apá òsì títì, a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ní 1975 ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ra ọkọ̀ tàbí alùpùpù. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó gùn ní nǹkan bí kìlómítà 127. Ayọ̀ kún ọkàn ènìyàn. Ó dà bí ẹni pé Ìbàdàn ti di ẹ̀yìnkùlé Ìkẹjà. Rélùwéè ń gbó lọ ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń kú lójú ọ̀nà, èrò sì ń fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà tó dára mú eré wá, eré sì mú ikú wá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká tó wà ní yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Ní February 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, wọ́n sì fi Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, bí oṣù September bá ti dé ni àjọ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ títí ọdún yóò fi parí. Wọ́n mọ̀ pé àsìkò tí gbogbo ènìyàn ń kánjú ni ikú ń rí àyè.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà márosẹ̀ náà bàjẹ́. Ní 2013 ni iṣẹ́ àtúnṣe ńlá bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, iṣẹ́ náà sì gba nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ Kérésìmesì ló bá èrò ní Bẹ́gà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí òórùn ẹran díndín inú apẹ ń jáde láti inú àpò. Ní December 2017, epo bẹntiróò wọ́n, àwọn awakọ̀ tò sí ilé epo mọ́jú. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ìparí May 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Ìkẹjà sì ní láti ronú bóyá àwọn lè relé rárá.

Ṣùgbọ́n agogo ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, láàárín 2010 sí 2018, ìjọba rẹ̀ ń san owó ọkọ̀ ojú irin kí àwọn ọmọ Ọ̀ṣun tó wà ní Èkó lè lọ sí Òṣogbo lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò ọdún. Ojú irin àtijọ́ tó kọjá ní Ìkẹjà àti Agége, èyí tó dé Òṣogbo ní 1907, ni ọkọ̀ náà gbà. Ẹ ò rí i bí nǹkan àtijọ́ ṣe lè wúlò! Ní December 2020, ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní 10 June 2021. Ojú irin náà gùn ní kìlómítà 157. Ti àtijọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 1,067 láàárín irin méjèèjì. Ti tuntun fẹ̀ ní 1,435, ọkọ̀ orí rẹ̀ sì lè sáré jù. Agége ní ìdíkọ̀ lórí rẹ̀. Agbádó, Papalantó, Abẹ́òkúta àti Mọníyà ní Ìbàdàn náà ní tiwọn. Ní òpin ọdún 2023 àti 2024, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn èrò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún. Ní October 2024, ọkọ̀ ojú irin ti Ìpínlẹ̀ Èkó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Agbádó dé Òyìngbò, ó ń dúró ní Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣin àti Yábàá.

Ìyà ojú ọ̀nà ni mo ti ń sọ láti òwúrọ̀. Ìyà kejì wà tí kì í ṣe ti ojú ọ̀nà. Inú àpò ni ó wà. Ẹni tó ti Èkó dé gbọ́dọ̀ dà bí ẹni tó ti Èkó dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ó gbọ́dọ̀ ra aṣọ tuntun, kó pín owó fún gbogbo ẹni tó bá ní “Ẹ káàbọ̀,” kó ra àpò ìrẹsì àti adìẹ. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà a yáwó ṣe ọdún. Ní January, olówó wá, owó ilé ìwé wá, owó ilé náà wá. Mo jẹ́ olùkọ́, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn kì í wọlé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà tuntun nítorí pé Kérésìmesì ti jẹ owó ìwé wọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọmọdé pẹ̀lú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Kí ni ìtàn yìí wá kọ́ wa? Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo rí.

Èkíní, má bá gbogbo ayé dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lè gba ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kó lọ ṣáájú. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì January. Bí ẹ bá pe ìyá yín láti ṣàlàyé, ohun tí yóò sọ ni pé, “Ọkọ mi, ojú rẹ ni mo fẹ́ rí. Ìgbà tí o bá dé ni ọdún mi.” Lébìrà Agége ìgbàanì kò ka ọjọ́, ó sì délé.

Èkejì, wá ọkọ̀ tó ní agogo. Bí ọkọ̀ ojú irin bá lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà yín, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ará Ìkẹjà lè wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó dé Agége, kó wọ ti Ìbàdàn níbẹ̀, kó má mọ Bẹ́gà rárá. Bí ó bá jẹ́ ti ojú títì, ẹ lọ bá àwọn tó ń kọ orúkọ àti aago sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbéra ní òwúrọ̀ kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá yín lọ́nà. Ẹni tó ní ọkọ̀ ara rẹ̀, kó yẹ táyà, bíréèkì àti iná wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Èrò tó bá rí i pé awakọ̀ ń sá eré àsápajúdé, kó sọ̀rọ̀. Owó tó san kò ra ẹnu rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kò sì gba owó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́rin kí ẹ tó kúrò nílé: owó ilé ìwé àti ilé gbígbé January ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ yọ owó àlọ, kí ẹ yọ owó àbọ̀, èyí tó bá kù ni owó ọdún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àjọ ní oṣù March, ọdún kò ní ká a mọ́ orí gbèsè.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dín ẹrù kù. Ẹrù púpọ̀ ni ìjà gáréèjì, ẹrù púpọ̀ náà ni ẹ̀yìn ríro. Ẹ rántí irúgbìn kòkó. Oògùn ìfúnpá tí Bàbá yóò lò fún oṣù mẹ́ta, dígí ojú tí Màmá yóò fi ka ìwé, iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ lè kọ́ àbúrò kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin: irú ẹ̀bùn báyìí kì í gba àyè nínú ọkọ̀, ó sì ń pẹ́ nílé ju àpò ìrẹsì lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kan rèé fún yín. Ẹ ya àwòrán ojú irin láti Ìdó dé Òṣogbo, ẹ kọ ọdún tó dé ìlú kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àgbà kan nínú ẹbí yín léèrè ohun tó fi relé ní Kérésìmesì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, iye ọjọ́ tó gbà á, àti ohun tó gbé dání. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di ìgbàgbé. Ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan ni ẹ óò kọ yẹn.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹsẹ̀ yín kò ní ṣì lọ́nà o.